Gbígbé dẹ́ẹ̀kì tí kò wọ́pọ̀ lọ sí ìdíje Magic: bí a ṣe ń fi Mill figagbága ní Modern

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Zac Elsik gba ipò kìíní ní Grand Prix Oklahoma City, ìdíje ńlá kan nínú eré káàdì Magic: The Gathering, pẹ̀lú Lantern Control, dẹ́ẹ̀kì tí kò sí lára àwọn tí ọ̀pọ̀ olùdíje ń múra dè. Lantern of Insight a máa ṣí káàdì òkè òkìtì oníkálukú sí gbangba, Codex Shredder a máa gbá èyí tó bá lè ṣe ẹni tó ń lò ó níbi dànù, Ensnaring Bridge a sì dínà mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ kọlù ú. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Luis Salvatto, ọmọ Ajẹntínà, tún fi dẹ́ẹ̀kì yìí kan náà gba Pro Tour Rivals of Ixalan, ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀, ní Bilbao. Nígbà yẹn, kò sí olùdíje tó mọṣẹ́ tí kò mọ ohun tí Lantern ń ṣe. Ó ṣì jáwé olúborí.

Ohun tí ẹ ó fi wọn dẹ́ẹ̀kì àjèjì nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àìmọ̀ alátakò nìkan ló ń jẹ́ kí ẹ borí, eré àkọ́kọ́ nìkan lẹ ó rí jẹ. Ìfigagbága kan jẹ́ eré mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba méjì ló ni ín, bí eré kejì bá sì bẹ̀rẹ̀, àṣírí ti tú. Mill la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín: dẹ́ẹ̀kì tí kì í lu ẹ̀mí alátakò, òkìtì káàdì rẹ̀ ló ń tú dànù títí tí kò fi ní rí nǹkan fà mọ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a má baà ṣi ara wa gbọ́: òkìtì ni káàdì tí a ń fà nínú rẹ̀, ibojì ni ibi tí èyí tó ti kú ń lọ, pápá ni orí tábìlì tí káàdì tó ń ṣiṣẹ́ wà, ẹ̀mí ni àmì tí olùdíje ń pàdánù bí wọ́n bá kọlù ú, mánà ni owó tí a fi ń san káàdì, ilẹ̀ ni káàdì tó ń pèsè mánà, ọfọ̀ ni káàdì tí a ń fi mánà lò, ìgbà kan ni àsìkò tó kan ẹnì kan títí tí yóò fi fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì, káàdì ẹ̀gbẹ́ ni 15 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́ẹ̀kì, tí a lè pààrọ̀ wọn lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá ibi tí wọn kò ṣọ́

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ dẹ́ẹ̀kì márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ rò pé ẹ ó bá pàdé jù sílẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tí gbogbo wọn jọ gbára lé. Ní Modern, ọ̀nà ìdíje Magic kan tó ní àtòkọ káàdì tirẹ̀, ohun kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni ilẹ̀ tí wọ́n ń fi rúbọ kí wọ́n lè wá ilẹ̀ mìíràn: Polluted Delta, Scalding Tarn, Misty Rainforest àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ wá inú òkìtì ara rẹ̀. Archive Trap wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Mánà márùn-ún ni iye rẹ̀, ṣùgbọ́n bí alátakò bá ti wá inú òkìtì rẹ̀ ní ìgbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni, káàdì 13 sì ti bọ́ sí ibojì. Ohun kejì ni pé ẹ̀mí wọn àti pápá ni wọ́n ń ṣọ́. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń ṣọ́ òkìtì.

Bí ẹ kò bá lè sọ irú ibi bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ẹ má gbé dẹ́ẹ̀kì náà lọ. Ẹ̀tàn ni kí èèyàn fẹ́ràn káàdì kan nítorí pé ẹlòmíràn kì í lò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdí wà tí wọn kì í fi lò ó.

Ẹ tún wo àtòkọ káàdì tí wọ́n fòfin dè lórí ìkànnì Magic ní ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an. Mox Opal tó jẹ́ eegun ẹ̀yìn Lantern bọ́ sínú òfin yìí ní oṣù kìíní ọdún 2020, kò sì padà sí Modern títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024. Dẹ́ẹ̀kì tó jẹ́ pé káàdì kan ló gbé e dúró lè ṣubú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ to 60 náà

Àtòkọ tó ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí:

Ẹ̀dá: Hedron Crab 4, Ruin Crab 4.
Ohun tó ń tú òkìtì: Archive Trap 4, Fractured Sanity 4, Tasha's Hideous Laughter 4.
Ààbò: Fatal Push 4, Drown in the Loch 4, Surgical Extraction 3, Crypt Incursion 1.
Ìfàyọ: Visions of Beyond 4.
Ilẹ̀ 24: Polluted Delta 4, Misty Rainforest 4, Field of Ruin 4, Watery Grave 3, Island 4, Swamp 1, Darkslick Shores 2, Shelldock Isle 2.
Káàdì ẹ̀gbẹ́ 15: Leyline of the Void 4, Flusterstorm 3, Engineered Explosives 3, Crypt Incursion 2, Ensnaring Bridge 2, Surgical Extraction 1.

Ẹ kíyè sí i pé mẹ́rin-mẹ́rin ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Olùdíje tó bá ń to dẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ máa ń fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan káàdì méjìlá sí i nítorí pé gbogbo wọn ló wù ú. Ìṣirò kò gbà á. Nínú káàdì 60, bí ẹ bá ní mẹ́rin nínú ohun kan, ó tó ìgbà 40 nínú 100 tí ẹ ó rí ó kéré tán ọ̀kan nínú káàdì méje àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó di 65. Bó bá jẹ́ 12, ó di 81. Ìdí tí Crab fi jẹ́ mẹ́jọ nìyẹn: ìgbà kìíní ni ó wúlò jù, ní ìgbà kẹfà kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí mọ́.

Crab kọ̀ọ̀kan ń da káàdì mẹ́ta sí ibojì nígbàkígbà tí ilẹ̀ kan bá wọlé sọ́dọ̀ yín. Polluted Delta wọlé, mẹ́ta. Ẹ fi rúbọ, ilẹ̀ tó wá wọlé, mẹ́ta mìíràn. Nítorí náà, ẹ má sáré fi Delta rúbọ ní ìgbà kìíní bí Crab kò bá tíì sí lórí pápá àmọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín. Island ni kí ẹ fi gbé Crab kalẹ̀, kí Delta dúró de ìgbà kejì.

Ilẹ̀ ni ibi tí àtòkọ yìí ti lè dà. Fractured Sanity ń béèrè mánà búlúù mẹ́ta, Field of Ruin kò sì ní àwọ̀. Nínú 24, ilẹ̀ 19 péré ló lè fún yín ní búlúù, ìyẹn kò pọ̀ fún ọfọ̀ tó fẹ́ búlúù mẹ́ta ní ìgbà kẹta. Bí ẹ bá rí i pé kò jọ, ẹ san mánà kan àti búlúù kan, kí ẹ sọ Fractured Sanity nù láti ọwọ́: yóò da mẹ́rin dípò 14, ẹ ó sì fa káàdì kan. Ó sàn ju kí ó máa wò yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ilẹ̀ aláìláwọ̀ mìíràn kún Field of Ruin.

Ìṣirò tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí

Alátakò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì 60, ó mú méje, ó ku 53. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ta ṣèkejì, nígbà tí ìgbà kẹrin rẹ̀ bá parí, ó ti fa mẹ́rin, ó ku 49. Bí ó bá ti fi ilẹ̀ méjì wá ilẹ̀, 47 ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Crab ní ìgbà kìíní. Delta ní ìgbà kejì, mẹ́fà. Ilẹ̀ kan ní ìgbà kẹta, mẹ́ta, àti Fractured Sanity, 14. Delta ní ìgbà kẹrin, mẹ́fà. Archive Trap ní ìgbàkígbà tó bá wá ilẹ̀, 13. Ó ti di 42. Tasha's Hideous Laughter ní ìgbà kẹrin ló máa parí rẹ̀: ó ń kó káàdì láti òkè òkìtì títí tí àpapọ̀ iye mánà wọn yóò fi pé 20. Bí dẹ́ẹ̀kì alátakò bá jẹ́ ti ọfọ̀ olówó pọ́ọ́kú, tí ìpíndọ́gba iye káàdì rẹ̀, ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, jẹ́ 1.2, ẹ ń retí nǹkan bíi káàdì 17. Bó bá jẹ́ 2, mẹ́wàá péré ni. Àwọn tó ń yára jù ni Tasha ń jẹ níyà jù, èyí sì bá wa lára mu, torí àwọn ló lè pa wá kí a tó parí.

Àmọ́ Crab a máa kú. Bí ó bá kú lọ́wọ́ kan, 14 àti 13 àti 17 jẹ́ 44, kò sì tó 49. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó ní Crab kan pẹ̀lú ààbò mẹ́ta kò fi dára tó bó ṣe jọ.

Ẹ dán an wò

Ẹ ta eré 20, ó kéré tán, sí dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀, ìdajì kí ẹ kọ́kọ́ ta, ìdajì kí alátakò kọ́kọ́ ta. Eré mẹ́wàá kò sọ nǹkankan: ẹni tó gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá lè jẹ́ ẹni tí agbára rẹ̀ gan-an wà níbikíbi láàrin 30 sí 80 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí ó ju ìdajì eré náà lọ tí ẹ ó ta lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ káàdì ẹ̀gbẹ́, torí eré kan péré nínú ìfigagbága ni kì í ní i. Kí alátakò mọ ohun tí ẹ gbé wá látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bá yín dán an wò tí kò mọ dẹ́ẹ̀kì yín ń fi ìrètí èké kún yín lọ́kàn ni.

Ohun tí wọ́n máa gbé kò yín

Leyline of Sanctity ni àkọ́kọ́. Ó máa ń jẹ́ kí a má lè nàka sí ẹni tó ni ín. Hedron Crab àti Archive Trap nílò kí a nàka, wọ́n kú. Ruin Crab, Fractured Sanity àti Tasha sọ pé "alátakò kọ̀ọ̀kan", wọn kò nàka sí ẹnikẹ́ni, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, Hedron Crab ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹ má yọ Ruin Crab.

Endurance burú jù ú lọ. Ó lè wọlé nígbàkígbà, kódà láìsan mánà bí wọ́n bá fi káàdì aláwọ̀ ewé kan láti ọwọ́ san án, yóò sì kó gbogbo ibojì padà sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Gbogbo iṣẹ́ di asán. Tasha kì í da káàdì sí ibojì, ó ń lé wọn jáde nínú eré pátápátá, kò sì sí ohun tí Endurance lè kó padà nínú wọn. Ẹ lo Tasha ṣíwájú, kí ẹ sì di Drown in the Loch kan mú: bí ibojì alátakò bá ti ní káàdì mẹ́ta, ó lè dá Endurance dúró kó tó balẹ̀, torí mẹ́ta ni iye rẹ̀ kódà bí wọn kò san mánà kankan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ má sọ gbogbo Trap sílẹ̀ níwájú alátakò tó fi mánà mẹ́ta aláwọ̀ ewé sílẹ̀ láìlò.

Emrakul, the Aeons Torn: bí ó bá bọ́ sí ibojì láti ibikíbi, ẹni tó ni ín yóò da ibojì rẹ̀ padà sínú òkìtì. Ọ̀pọ̀ rò pé Surgical Extraction, tó ń lé káàdì kan nínú ibojì àti gbogbo irú rẹ̀ jáde nínú eré, ń dá èyí dúró. Kò dá a dúró. Bí ẹ bá lò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ Emrakul ṣì ń dúró de ìmúṣẹ, Emrakul yóò jáde nínú eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibojì yòókù yóò ṣì padà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tasha tàbí Leyline of the Void, tó ń lé ohun tó yẹ kó bọ́ sí ibojì alátakò jáde nínú eré, ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yà kẹrin kì í ṣe káàdì kan: àwọn dẹ́ẹ̀kì tó ń jẹun láti ibojì ni. Murktide Regent àti Living End yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá bá wọn kún ibojì. Níbẹ̀, Leyline of the Void mẹ́rin wọlé, Visions of Beyond mẹ́rin jáde, torí Visions ń dúró de káàdì 20 nínú ibojì kan kó tó fa mẹ́ta, ibojì náà kò sì ní kún mọ́. Ẹ má yọ Drown àti Surgical nítorí Leyline. Ìgbà 60 nínú 100 ni Leyline kò ní sí nínú méje àkọ́kọ́, ẹ sì nílò nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn.

Fún àwọn tó ń fi ẹ̀dá kéékèèké kọlù, Crypt Incursion méjì tó kù wọlé. Ó ń lé gbogbo ẹ̀dá inú ibojì ẹnì kan jáde, ẹ sì gba ẹ̀mí mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn Trap kan, ẹ̀mí 12 tàbí 15 kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ìforúkọsílẹ̀

Ẹ kọ orúkọ káàdì pé. "Crab 8" kò tó. Àṣìṣe nínú àtòkọ lè ná yín ní eré kan ní ìdíje tó le, kódà bí dẹ́ẹ̀kì gan-an kò bá ní àléébù.

Àpò káàdì: ẹ ra páálí kan ṣoṣo tó ní 100, ẹ lo 75, kí ìyókù jẹ́ àfipààrọ̀. Ẹ má da páálí méjì pọ̀, kódà bí àwọ̀ wọn bá dọ́gba. Dẹ́ẹ̀kì àjèjì sábà máa ń ní káàdì láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń dán lè tẹ̀ kọ́rọ́, adájọ́ sì lè sọ pé ẹ sàmì sí wọn. Bó bá jẹ́ Archive Trap nìkan ló tẹ̀ láàrin 60, ọ̀rọ̀ náà kò ní rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹ fi èyí tí kò dán pààrọ̀ wọn.

Ẹ kọ ìwé pélébé kan: ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde fún dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan. Òfin gbà kí ẹ wo ìwé kékeré tí ẹ ti kọ sílẹ̀ láàrin eré sí eré. Nígbà tí eré bá ń lọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ wò ó. Ohun tí ẹ kọ nínú ìfigagbága yẹn nìkan lẹ lè wò.

Lórí tábìlì

Ọwọ́ tó dára ní eré àkọ́kọ́: ilẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, Crab, àti ó kéré tán ohun kan tó ń tú òkìtì. Archive Trap méjì pẹ̀lú ilẹ̀ mẹ́ta tó ní Field of Ruin nínú dára pẹ̀lú. Ọwọ́ ààbò nìkan, ẹ dá a padà: ẹ ó mú méje tuntun, ẹ ó fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ òkìtì.

Bí alátakò kò bá fẹ́ wá ilẹ̀, Field of Ruin ni kí ẹ fi mú un ní ipá. Ó nílò mánà méjì àti ara rẹ̀, yóò ba ilẹ̀ àkànṣe alátakò kan jẹ́, lẹ́yìn náà oníkálukú gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ ìpìlẹ̀ (irú Island tàbí Swamp) nínú òkìtì rẹ̀. Bí alátakò bá tilẹ̀ sọ pé òun kò rí ọ̀kan, ó ti wá a; Trap di ọ̀fẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ̀yin náà wá yóò ta Crab jí. Àmọ́ Surgical Extraction kò ka fún Trap, torí ẹ̀yin lẹ wá inú òkìtì, kì í ṣe òun.

Ẹ pe iṣẹ́ Crab síta ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá wọlé: "Crab, mẹ́ta." Bí ẹ bá gbàgbé tí ẹ sì tẹ̀ síwájú, alátakò ni yóò pinnu bóyá yóò ṣẹlẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí yóò sọ.

Bí Surgical bá jẹ́ kí ẹ rí ọwọ́ àti òkìtì rẹ̀ ní eré àkọ́kọ́, ẹ yára kọ ohun tó ṣe kókó: Endurance mélòó, Emrakul wà tàbí kò sí. Ẹ má jókòó lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, adájọ́ lè kìlọ̀ fún yín pé ẹ ń fa eré sẹ́yìn.

Òfin kan tó ń da àwọn tuntun láàmú: òkìtì tó ṣófo kò pa ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹni náà bá fẹ́ fà tí kò rí nǹkan fà ló pàdánù. Bí ẹ bá tú káàdì tó kẹ́yìn ní ìgbà tiyín, yóò kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ní ìgbà tirẹ̀, lẹ́yìn tó ti fà, ni ẹ lo Trap, ó ṣì ní gbogbo ìgbà yẹn láti fi kọlù yín, ẹ̀yin náà yóò sì ta kó tó kàn án. Bí ẹ̀mí yín bá kù díẹ̀, Fatal Push àti Drown ni kí mánà yín dúró dè, kì í ṣe Visions.

Àkókò àti àmì

Ìṣẹ́jú 50 ni abala kọ̀ọ̀kan máa ń ní. Bí aago bá lù, ẹni tó kàn yóò parí ìgbà rẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbà márùn-ún sí i fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Mill kì í pẹ́ tó Lantern, síbẹ̀ àwọn alátakò tí kò mọ káàdì yín yóò máa gbé e kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, àmọ́ bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta fún káàdì kan náà, ẹ pe adájọ́, ẹ má bá wọn jà. Àmì mẹ́ta ni fún ìborí, ọ̀kan fún ọ̀mì. Ọ̀mì mẹ́ta kò ju ìborí kan lọ. Bí olùdíje 65 sí 128 bá wà, abala méje ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n tó mú mẹ́jọ tó ṣíwájú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó, ẹ̀bùn tàbí dáìsì pinnu ẹni tó borí, ìyẹn lè léèyàn jáde nínú ìdíje.

Ní àwọn ìdíje kan, wọ́n máa ń fi àtòkọ dẹ́ẹ̀kì olùdíje kan han èkejì, pàápàá ní ìpele àwọn mẹ́jọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ adájọ́ kí abala àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, alátakò yóò dá ọwọ́ padà láti wá ohun tó lè dá Crab dúró, yóò sì fi ilẹ̀ ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó má baà wá inú òkìtì. Ọwọ́ tó ní Field of Ruin ni kí ẹ wá nígbà yẹn, kódà ṣáájú Crab.